Iboga Libreville: Ẹ̀rí Ta Ni, Lórí Kí Ni?

Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, yóò di ọṣẹ. Òwe yìí ni àwọn tí ń polówó egbòogi fi ń ṣe odi ààbò nígbà tí a bá bi wọ́n léèrè pé ẹ̀rí wo ni wọ́n ní. Wọn a ní àwọn baba ńlá ti ń lo igi náà láti ayébáyé; wọn a ní ohun tí ó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún dán an wò mọ́. Àwọn oníṣègùn òyìnbó kan náà sì ní ìdáhùn tiwọn, tí ó yá lẹ́nu wọn bí àkọ́sórí: ohun tí a kò bá tíì dán wò ní ilé ìwòsàn, kì í ṣe oògùn. Láàárín ohùn méjèèjì yìí ni ọ̀rọ̀ igi kan tí ń jẹ́ iboga há sí ní ilẹ̀ Gabon. Bí a bá sì fara balẹ̀ gbọ́ àwọn méjèèjì, a óò rí i pé ìbéèrè tí wọ́n ń dáhùn kì í ṣe ọ̀kan náà.

Libreville ni olú ìlú Gabon, ní etí òkun. Àwọn ẹrú tí a dá sílẹ̀ ni a fi tẹ ibẹ̀ dó ní 1849, ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ sì ni Ìlú Òmìnira. Kì í ṣe ìlú àjèjì fún ọmọ Yorùbá, nítorí àwọn oníṣòwò láti Nàìjíríà àti Benin ti ń ná ọjà ibẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Iboga fúnra rẹ̀ jẹ́ igi kúkurú tí ń hù lábẹ́ àwọn igi ńláńlá inú igbó. Èèpo gbòǹgbò rẹ̀ ni a ń lò, ó sì korò gidigidi. Bí a bá jẹ díẹ̀, a máa lé oorun àti àárẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí àwọn ọdẹ fi ń jẹ ẹ́ bí wọ́n bá ń ṣọ́ ẹran lóru. Ṣùgbọ́n bí ó bá pọ̀, ẹni tí ó jẹ ẹ́ yóò dùbúlẹ̀, yóò máa bì, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní gbé e, yóò sì máa rí ìran fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Orí jíjẹ rẹ̀ ní púpọ̀ yìí ni a gbé awo Bwiti kalẹ̀, awo tí ó bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn ẹ̀yà bíi Mitsogo àti Apindji, tí àwọn Fang sì gbà lẹ́yìn náà. Kì í ṣe awo àwọn mẹ̀kúnnù nìkan. Léon M'ba, Ààrẹ àkọ́kọ́ Gabon, tí ó kú ní 1967, bá Bwiti ṣe. Ní ọdún 2000 ni ìjọba orílẹ̀-èdè náà sì kéde pé iboga jẹ́ ohun ìní àjùmọ̀ní fún gbogbo ọmọ Gabon.

Ìwọlé sí awo Bwiti kì í ṣe ọ̀rọ̀ pé kí ènìyàn gbé oògùn mì kí ó sì lọ sùn. Ẹni tí ó fẹ́ wọlé yóò kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ohun tí ó di sínú. A óò wẹ̀ ẹ́, a óò fi ẹfun kùn ún lára. Dùùrù olókùn tí wọ́n ń pè ní ngombi yóò máa dún mọ́jú, iná ògùṣọ̀ yóò máa jó. Nganga, tí í ṣe àgbà awo àti oníṣègùn, yóò máa fi èèpo náà sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀, yóò máa wo ojú rẹ̀, yóò máa fọwọ́ kàn án lára kí ó lè mọ ibi tí ó bá a dé. Ẹnì kan tí ó ti gba ọ̀nà yẹn kọjá rí yóò jókòó tì í, kò sì ní dìde títí a ó fi mú ẹni náà padà wá sí ayé. James Fernandez, onímọ̀ ìṣe ẹ̀dá láti Amẹ́ríkà, gbé láàárín àwọn Fang nígbà tí 1950 sí 1959 ń lọ sópin, ó sì tẹ ìwé ńlá rẹ̀ tí ń jẹ́ Bwiti jáde ní 1982. Ẹni tí ó bá kà á yóò rí i pé ohun tí àwọn ènìyàn ń wá nínú iboga pọ̀: òmíràn fẹ́ fojú kan àwọn òkú rẹ̀, òmíràn fẹ́ mọ ohun tí ó fa àìsàn tí kò lọ, òmíràn kàn fẹ́ mọ ìdí tí òun fi wáyé. Heroin kò sí nínú rẹ̀.

Ọ̀nà mìíràn ni heroin gbà wọ inú ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1901 ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé yọ èròjà kan láti inú èèpo iboga, tí wọ́n sì sọ ọ́ ní ibogaine. Ní 1939 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta hóró oògùn kan tí ń jẹ́ Lambarène nílẹ̀ wọn fún ẹni tí ó bá rẹ̀, ìwọ̀nba ibogaine sì wà nínú rẹ̀. Ohun tí àwọn ọdẹ inú igbó ti mọ̀ náà nìyẹn, a kàn dì í sínú páálí ni. Ṣùgbọ́n ní 1962, ní New York, ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 19 kan, Howard Lotsof, tí heroin ti di bárakú fún, gbé ibogaine mì. Kì í ṣe ìwòsàn ni ó ń wá. Nígbà tí ojú rẹ̀ walẹ̀, ó ṣàkíyèsí pé ìgbọ̀nrìrì, ìrora egungun, èébì àti ìgbẹ́ gbuuru tí í máa ń bá ẹni tí ó bá dá heroin dúró kò dé sí òun, ọkàn òun kò sì fà sí i mọ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mélòó kan lò ó, àwọn kan nínú wọn sì sọ ohun kan náà. Ní 1985 ó gba ìwé ẹ̀tọ́ olùṣàwárí lọ́wọ́ ìjọba Amẹ́ríkà lórí ọ̀nà ìwòsàn yìí. Ó kú ní 2010.

Níhìn-ín ni ó yẹ kí a ti wo àwọn olùpolówó lójú dáadáa. Lónìí àwọn ilé ìtọ́jú wà ní Mexico àti ní ibòmíràn tí ń gba owó gọbọi lọ́wọ́ àwọn tí oògùn olóró ti di bárakú fún, tí wọ́n sì ń fọwọ́ sọ̀yà pé ìmọ̀ àtayébáyé àwọn ará Gabon ni àwọn ń lò. Ẹ̀rí ẹlòmíràn ni wọ́n yá. Àgbà Mitsogo tí ó ní iboga ń fi àwọn òkú han ènìyàn kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni; ohun tí ó rí ni ó sọ, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ti rí i ṣáájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò lè ṣe ẹlẹ́rìí nínú ẹjọ́ heroin, nítorí kò sí níbẹ̀ nígbà tí ọ̀ràn náà ṣẹlẹ̀. Ewé náà pẹ́ lára ọṣẹ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọṣẹ mìíràn ni. Ohun tí ó tilẹ̀ burú jù ni pé, nínú gbogbo ìmọ̀ àgbà náà, èyí tí ó wúlò jù lọ fún ẹni tí ó fẹ́ dá heroin dúró ni ọ̀pọ̀ wọn fi sílẹ̀ sí Gabon: sùúrù nganga, fífún ni díẹ̀díẹ̀, àti ojú tí kò kúrò lára ẹni tí ó dùbúlẹ̀. Èròjà ni wọ́n gbé lọ.

Asofẹ́yẹjẹ, tí ilẹ̀ Yorùbá mọ̀ bí ẹní mowó, yóò jẹ́ kí ìyàtọ̀ yìí hàn gbangba. Nínú ìpín tí àwọn onímọ̀ ewéko pín igi sí, ìdílé kan náà ni òun àti iboga ti wá. Àwọn oníṣègùn Yorùbá ti ń fi gbòǹgbò rẹ̀ tọ́jú wèrè, pàápàá wèrè tí ń jà, tí ń pariwo. Wọ́n ní yóò sùn, ara rẹ̀ yóò sì rọ̀. Ní 1952, ní Switzerland, àwọn onímọ̀ yọ reserpine láti inú ìbátan asofẹ́yẹjẹ tí ń hù ní Íńdíà, èròjà kan náà sì wà nínú tiwa. Nígbà tí yóò fi di 1954, a ti ń fún àwọn aláìsàn ọpọlọ ní Amẹ́ríkà, ara wọn sì ń rọ̀. Raymond Prince, dókítà ọmọ Kánádà tí ó ṣiṣẹ́ ní Abẹ́òkúta, kọ ìwé lórí bí àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ilẹ̀ yìí ṣe ń lò ó, a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1960. Ohun tí àgbà sọ nípa asofẹ́yẹjẹ ni dókítà dán wò, kò yí ìbéèrè padà. Ìdí nìyẹn tí ìdáhùn àwọn méjèèjì fi lè pàdé. Wọ́n pàdé ní Àrọ́ pẹ̀lú, níbi tí Adeoye Lambo ti bẹ̀rẹ̀ ní 1954 sí í fi àwọn aláìsàn sí àwọn abúlé àyíká ilé ìwòsàn náà, tí ó sì pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra. Kì í ṣe pé reserpine kò ní àbùkù. Ó ní, oògùn mìíràn sì gba ipò rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn aláìsàn ọpọlọ kí ọjọ́ tó lọ títí. Ìdánwò kan náà tí ó fi agbára rẹ̀ hàn ni ó fi àbùkù rẹ̀ hàn.

Irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ibogaine ṣaláìní fún ìgbà pípẹ́. Ohun tí ó ní ni ìtàn: lágbájá lọ, ó jẹ ẹ́, ó sì bọ́. Kò sí ìdí láti pe àwọn tí ń sọ ìtàn wọ̀nyí ní òpùrọ́. Ṣùgbọ́n kò sí olùkọ́ tí yóò gbà kí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kan ka orúkọ ọmọ 20 tí ó yege sétí ìlú, kí ó sì pa iye tí ó jókòó ṣe ìdánwò mọ́ inú. Bí 22 ni wọ́n, iṣẹ́ ńlá ni ó ṣe. Bí 200 ni wọ́n, ọ̀rọ̀ náà yí padà. Ẹni tí iboga kò ràn lọ́wọ́ kì í padà wá jẹ́rìí. Òmíràn padà sídìí heroin ní ìdákẹ́jẹ́. Òmíràn tún mu iye tí ó ti ń mu tẹ́lẹ̀, láìmọ̀ pé ara rẹ̀ kò lè gbà á mọ́, ó sì ti ibẹ̀ kú.

Òmíràn kò jí rárá. Ní 2012 ni Kenneth Alper àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àkọsílẹ̀ ikú 19 jáde, tí ó ṣẹlẹ̀ láàárín 1990 àti 2008 sí àwọn tí ó ti lo ibogaine; kò sí èyí tí ó pẹ́ ju wákàtí 76 lọ lẹ́yìn lílò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí àkọsílẹ̀ wọn pé ti ní àrùn ọkàn tẹ́lẹ̀, tàbí kí oògùn olóró mìíràn ti wà lára wọn. Bí ibogaine ṣe ń pa ènìyàn kì í ṣe àdììtú. Bí ọkàn bá ti lù lẹ́ẹ̀kan, ó ní láti kó agbára iná rẹ̀ jọ padà kí ó tó lù lẹ́ẹ̀kejì, ẹnu ọ̀nà tíntìntín tí èròjà pọtásíọ̀mù ń gbà jáde kúrò nínú ẹran ọkàn sì ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà. Ibogaine a máa dí ẹnu ọ̀nà yìí. Ọkàn a máa falẹ̀ láti múra, bí ìlù mìíràn bá sì já lù ú kí ó tó múra tán, gbogbo rẹ̀ lè dàrú, kí ó máa gbọ̀n láìlè ti ẹ̀jẹ̀ síwájú mọ́. Ẹni tí ó ti ń bì, tí ó sì ti ń yàgbẹ́ gbuuru nítorí pé ó dá heroin dúró, ti pàdánù pọtásíọ̀mù púpọ̀ tẹ́lẹ̀. Ewu tirẹ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ. Ọ̀tọ̀ pátápátá ni ara ọdẹ inú igbó, tí kò mu ohun olóró kankan, tí ó sì jẹ díẹ̀ fún ìṣọ́ òru.

Nílẹ̀ Yorùbá, bí aláìsàn bá kú lọ́wọ́ oníṣègùn, a óò ní àìsàn ni a lè wò, a kò rí tọlọ́jọ́ ṣe. Ọ̀rọ̀ ìtùnú ni, ó sì dára fún ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Kò dára fún ẹni tí ó fẹ́ mọ̀ bóyá oògùn náà ni ó pa òkú. Àwọn àgbà Bwiti pàápàá mọ̀ pé ènìyàn lè lọ kí ó má padà. Wọn kò fi pamọ́ fún ọmọ awo. Ohun tí kò sí ni ìwé tí a ka àwọn tí kò padà sí. Nínú ohun gbogbo tí a ń pè ní ìṣègùn onídánwò, kò sí èyí tí ó ṣe pàtàkì ju ìwé yìí lọ, kò sì sí èyí tí ó rọrùn láti ṣe jù ú lọ.

Síbẹ̀ kò yẹ kí àwọn onídánwò máa gbéra ga. Láti 1970 ni òfin Amẹ́ríkà ti to ibogaine mọ́ àwọn oògùn tí kò ní ìlò kankan nínú ìṣègùn, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì wádìí bóyá ó ní i. Ní 1993 ni àjọ tí ń ṣàkóso oògùn ní Amẹ́ríkà gbà kí a bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kékeré ní Miami. Ní 1995 ilé iṣẹ́ ìjọba tí ń rí sí ìwádìí nípa bárakú oògùn pinnu pé òun kò ní náwó sí i, iṣẹ́ náà sì dúró. Oògùn tí a kò fowó ṣe, ẹ̀yìn ààrò ní í gbé. Gbòǹgbò tí ó ti wà nínú igbó kì í mú èrè púpọ̀ wá fún ilé iṣẹ́ apoògùn, nítorí náà kò sí ẹni tí ó fẹ́ gbé bùkátà ìdánwò rẹ̀. “A kò tíì fi hàn pé ó ń ṣiṣẹ́” àti “a ti fi hàn pé kò ṣiṣẹ́” kì í ṣe gbólóhùn kan náà. Ẹni tí ó bá sọ èkíní bí ẹni pé èkejì ni, ó ti ṣe ohun kan náà tí ó bá olùpolówó wí lé lórí.

Ìwọ̀nba ìdánwò tí a ti wá ṣe sàn ju gbogbo ariwo náà lọ. Ní New Zealand, a fún ènìyàn 27 tí ó fẹ́ dá methadone dúró ní noribogaine, èyí tí ẹ̀dọ̀ ń sọ ibogaine dà, ṣùgbọ́n oògùn aláìlágbára tí ó jọ ọ́ ni a fún àwọn kan nínú wọn, láìjẹ́ kí wọ́n mọ èwo ni èwo. Èsì rẹ̀ jáde ní 2016: ìyàtọ̀ díẹ̀ hàn, ṣùgbọ́n kò tó èyí tí a lè fi búra. Ní ilẹ̀ àwọn Dọ́ọ̀ṣì, a fún ènìyàn 14 ní ibogaine nílé ìwòsàn, a sì de ẹ̀rọ mọ́ wọn láyà. Lára 7 nínú wọn, àkókò tí ọkàn fi ń múra láti tún lù tayọ ìdajì ìṣẹ́jú àáyá, èyí tí àwọn dókítà kà sí ewu gidi. Kò sí ẹni tí ó kú. Èsì yìí jáde ní 2022. Ní 2024, àwọn oníwádìí Yunifásítì Stanford kọ nípa àwọn jagunjagun 30 tí orí wọn ti fara pa lójú ogun, tí wọ́n lọ lo ibogaine ní Mexico pẹ̀lú mágnísíọ̀mù láti dáàbò bo ọkàn. Lẹ́yìn oṣù kan, ìbànújẹ́ ọkàn àti ẹ̀rù ogun tí ń dà wọ́n láàmú ti lọ sílẹ̀ jọjọ. Ìròyìn ayọ̀ ni; ṣùgbọ́n kò sí ẹgbẹ́ kejì tí a kò fún ní oògùn náà, tí a lè fi wọ́n wé. Ìṣòro kan sì wà níbẹ̀ tí kò ní tán bọ̀rọ̀: ta ni yóò rí ìran mọ́jú, tí kò ní mọ̀ pé ojúlówó ni a fún òun?

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti òkè òkun nìkan. Ní Libreville fúnra rẹ̀, tramadol, oògùn ìrora tí ó bá heroin tan, ti wọ inú àwọn ilé ẹ̀kọ́. Kobolo ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é. Nàìjíríà kò gbọdọ̀ fi èyí ṣe ẹlẹ́yà, nítorí ní 2018 ni ìjọba rẹ̀ ní láti fòfin de ṣíṣe omi ikọ́ oníkodéìnì nítorí bí àwọn ọ̀dọ́ ti ń mu ún. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ ti há sí kobolo ní Libreville kò ní jìnnà sí ẹni tí yóò sọ fún un pé iboga yóò wò ó ní òru kan. Ẹni tí yóò sọ fún un pé oògùn méjì kan wà, methadone àti buprenorphine, ni yóò ṣòro fún un láti rí. Ọ̀pọ̀ ìdánwò ti fi hàn pé àwọn méjèèjì ń dín ikú irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ kù, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ti kà wọ́n mọ́ àwọn kòṣeémánìí láti 2005. Wọn kì í ṣe iṣẹ́ ìyanu. Ojoojúmọ́ ni a ń lò wọ́n, fún ọdún púpọ̀ nígbà mìíràn, wọn kì í sì í fi òkú kankan han ẹnikẹ́ni. Bóyá ìdí nìyí tí kò fi sí ẹni tí ń kọrin wọn.

Ní 2025 ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà ya 50 mílíọ̀nù dọ́là sọ́tọ̀ fún ìdánwò ibogaine. Ní 2019 ni Gabon dá kíkó iboga jáde dúró. Òun sì ni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ tí ó fọwọ́ sí àdéhùn Nagoya pátápátá, ní 2011, àdéhùn tí ó ní kí ẹni tí ó bá fi igi onígi dá ọrọ̀ pín nínú rẹ̀ fún onígi. Ṣùgbọ́n a lè yọ ibogaine láti ara igi mìíràn tí ń jẹ́ voacanga, tí ó pọ̀ káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, nítorí náà owó náà lè má yà sí Libreville rárá. Ibùdó kan wà ní ìlú náà láti 1976, IPHAMETRA, tí a dá sílẹ̀ láti máa wádìí egbòogi àti ìṣègùn ìbílẹ̀. Kò di ìgbà tí ó bá rí mílíọ̀nù dọ́là kí òun àti àwọn nganga tó lè jùmọ̀ ṣí ìwé kan, irú èyí tí olùkọ́ ń pe orúkọ nínú rẹ̀ láràárọ̀: orúkọ ẹni tí ó wọlé, oògùn tí ó wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀, bí ọkàn rẹ̀ ti ń lù kí ó tó jẹ èèpo náà, iye tí ó jẹ, bí ó ti rí nígbà tí ilẹ̀ mọ́ àti lẹ́yìn ọdún kan, àti àyè kan ní ìparí ìlà fún ẹni tí kò jí.